Bẹ́ ẹ Ṣe Máa Yan Membrane Tó Ń Mí fún Òrùlé Ilé Àtijọ́ l'Ékòó

Ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ṣáá, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ jogún ilé ní Pópó Àgùdà, Lafiaji àti Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ̀yin ará Ẹ̀bùtẹ́ Mẹ́ta náà ò gbẹ́yìn: "A fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé bàbá wa, kápẹ́ńtà ní ká tẹ́ nylon sábẹ́ ẹ̀, ẹlòmíì ní fóìlì ni, àbúrò wa tó ti ìlú òyìnbó dé ní àfi membrane tó ń mí, èwo ni ká ṣe?" Membrane tó ń mí ni aṣọ fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ páànù, tó ń dá omi dúró àmọ́ tó ń jẹ́ kí oru omi jáde. Mi ò ní sọ ìtàn ilé Àgùdà, ilé tí àwọn tó ti Brazil padà wá kọ́, fún yín o, ẹ̀yin lẹ ń gbé inú ẹ̀. Ohun tí màá sọ ni bẹ́ ẹ ṣe máa yàn án, bẹ́ ẹ ṣe máa dán an wò, bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ẹ, àti ìgbà tí kò tiẹ̀ yẹ kẹ́ ẹ ra nǹkankan.

Ẹ fi eléyìí sọ́kàn kẹ́ ẹ tó tẹ̀síwájú: afẹ́fẹ́ tó ń wọlé tó ń jáde lábẹ́ páànù ló ń gba òrùlé àtijọ́ là l'Ékòó, membrane kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ẹni tó bá sọ fún yín pé tẹ́ ẹ bá ti tẹ́ membrane ẹ lè dí gbogbo ihò etí òrùlé pa, ọjà ló fẹ́ tà.

## Kọ́kọ́ mọ ohun tó ń ṣe òrùlé yín

Páànù máa ń làágùn. Lóru tí ojú ọ̀run bá mọ́, páànù máa ń tutù ju afẹ́fẹ́ tó wà lábẹ́ ẹ̀ lọ, afẹ́fẹ́ Èkó sì rèé, omi ló kún inú ẹ̀, ọ̀rinrin ẹ̀ láàárọ̀ sábà máa ń ju 80 nínú 100 lọ, omi yẹn á wá so mọ́ abẹ́ páànù, á máa kán tótó sórí sílíìnì. Àwọn ará ilé á ní òrùlé ń jò, wọ́n á pe kápẹ́ńtà, kápẹ́ńtà á gun òkè lọ kan ìṣó sí i, ihò tí kò sí tẹ́lẹ̀ á wá wà.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n yàtọ̀ nìyí:

- Tó bá ń kán ní ìdájí tí òjò ò sì rọ̀ mọ́jú, òógùn páànù ni.
- Tó bá jẹ́ ìgbà tí òjò ń rọ̀ nìkan, tó sì jẹ́ ojú kan náà, ó ń jò ni. Ẹ tún ibẹ̀ ṣe, membrane kì í wo páànù tó ti lu.
- Tó bá jẹ́ yàrá tó ní AC nìkan ni sílíìnì ẹ̀ dúdú tàbí tó ti bu, ẹ lọ ka ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ AC nísàlẹ̀.
- Tó bá jẹ́ ẹsẹ̀ ògiri ló ń rin láti ilẹ̀ wá, ọ̀rọ̀ òrùlé kọ́ nìyẹn.

Ìdí tí ilé àtijọ́ fi yàtọ̀ sí ilé búlọ́ọ̀kù ni pé ògiri amọ̀ tí wọ́n fi lime (ẹfun ìkọ́lé) rẹ́ máa ń mu omi, ó sì máa ń dá a padà fún afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Igi òrùlé náà bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá fi nylon bo òkè ẹ̀ pa, omi tó yẹ kó jáde á jókòó sára igi. Ibi tí ràfítà, igi ìdagẹ̀rẹ̀ tó gbé òrùlé, ti dúbúlẹ̀ lórí ògiri ló máa kọ́kọ́ rà, ikán ò sì ní pẹ́ dé.

## Kẹ́ ẹ tó náwó: ẹ wọ inú àjà

1. Ẹ pa iná ilé látibi chéńjíóvà. Wáyà ilé àtijọ́ ti bó, ẹ má fi ọwọ́ tútù wọ àjà.

2. Ẹ wọ ìbòmú. Ìgbẹ́ àdán àti eruku ọgọ́ta ọdún ò dáa fún ẹ̀dọ̀fóró ẹnikẹ́ni.

3. Ẹ gòkè lọ́sàn-án tí oòrùn mú, kẹ́ ẹ wá pa tọ́ọ̀ṣì. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ kí ojú yín mọ òkùnkùn lára. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí ní àárín páànù, ihò ni, ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí igi tó sún mọ́ ọn. Ìmọ́lẹ̀ tẹ́ ẹ bá rí ní etí òrùlé àti lórí ògiri ìkangun, ọ̀nà afẹ́fẹ́ nìyẹn, ẹ má fọwọ́ kàn án. Tí ẹ ò bá rí ìmọ́lẹ̀ kankan létí òrùlé, ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro yín wà, kì í ṣe membrane lẹ nílò jù.

4. Ẹ mú screwdriver, ẹ fi gún orí ràfítà kọ̀ọ̀kan níbi tó ti kan ògiri. Tó bá wọlé láìjà, igi yẹn ti rà, ẹ pààrọ̀ ẹ̀ kẹ́ ẹ tó ronú kan aṣọ tẹ́ ẹ máa tẹ́ lé e.

5. Ẹ lọ sí ìta, ẹ wo pákó oníhò tí wọ́n gbẹ́ bí òdòdó lábẹ́ etí òrùlé. Kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ lásán, ibẹ̀ ni àjà ti ń mí. Ọ̀pọ̀ ilé ni wọ́n ti fi plywood dí i látinú nítorí ẹyẹlé àti eku. Ẹ yọ plywood yẹn, ẹ fi nẹ́ẹ̀tì onírin tín-ín-rín rọ́pò ẹ̀.

Ìkìlọ̀ ńlá: tí òrùlé tàbí sílíìnì yín bá jẹ́ asbestos, ẹ má gé e, ẹ má fọ́ ọ, ẹ má gbá a. Eruku ẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ẹ̀ ni kó wá yọ ọ́ lódindi, kó rin ín lómi kó tó kàn án.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ńkọ́? Tí ilé yín bá wà lára àwọn tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, bíi mọ́sálásí Shitta-Bey, àjọ NCMM, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, lẹ máa kọ́kọ́ lọ bá, ọ́fíìsì wọn wà nínú mùsíọ́ọ̀mù Oníkan. Fún ilé yòókù, ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ LASBCA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń bójú tó ilé kíkọ́, kẹ́ ẹ tó ṣí òrùlé, pàápàá tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e ga. Ẹbí náà ńkọ́, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹbí fọwọ́ sí i, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ ya fọ́tò gbogbo igun òrùlé kẹ́ ẹ tó yọ ìṣó kan.

## Ohun tí wọ́n máa gbé síwájú yín lọ́jà

Tẹ́ ẹ bá dé Odúnadé ní Òrílé tàbí ibòmíì tí wọ́n ti ń ta ohun ìkọ́lé, tẹ́ ẹ kàn ní "membrane", fóìlì tàbí fẹ́ẹ̀tì ni wọ́n máa kọ́kọ́ gbé jáde. Ẹ ní "breathable membrane", kẹ́ ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀.

Nylon. Rárá. Kò jẹ́ kí nǹkankan kọjá. Omi tó bá gba abẹ́ ẹ̀ wọlé ò ní jáde mọ́.

Fẹ́ẹ̀tì oní-bitumen (ọ̀dà dúdú). Òun náà ò mí, oòrùn wa sì máa ń mú un rọ̀. Ẹ lè lo ọ̀já ẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ létí gọ́tà, ó tán.

Fóìlì oní-bubble. Eléyìí dáa fún ooru, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ó ń dá ooru páànù padà. Àmọ́ kò mí. Tí ooru bá ni wàhálà yín tó sì jẹ́ ilé tuntun, ẹ rà á. Fún òrùlé àtijọ́ tó ní igi tó ti pẹ́, ẹ má fi bo gbogbo orí ẹ̀.

Membrane tó ń mí. Aṣọ méjì tó rí gbúngbùn-gbúngbùn ni, awọ tín-ín-rín kan wà láàárín wọn, awọ yẹn ló ń jẹ́ kí oru omi kọjá, tó sì ń dá omi gidi dúró. Oríṣi méjì ló wà, ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìnà nìyí: ọ̀kan ń jẹ́ kí oru omi nìkan kọjá, kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá. Èkejì ń jẹ́ kí oru omi àti afẹ́fẹ́ kọjá pa pọ̀. Tí àjà yín bá ní ihò tó pọ̀ létí àti lókè, èyí àkọ́kọ́ tó yín. Tí àjà yín bá há, tí ilé aládùúgbò ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bó ṣe rí ní Ìsàlẹ̀ Èkó, èyí kejì ni kẹ́ ẹ wá, bó tiẹ̀ wọ́n díẹ̀.

## Bẹ́ ẹ ṣe máa ka ìwé ẹ̀

Ẹ má wo àwòrán ilé tó wà lára ẹ̀. Nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ wò:

- Sd. Nọ́ńbà yìí ló ń sọ bó ṣe ń mí tó, wọ́n ń fi mítà kọ ọ́. Sd 0.02 túmọ̀ sí pé oru omi máa gba inú ẹ̀ bí ẹni gba inú afẹ́fẹ́ tó dúró jẹ́ẹ́ tí kò nípọn ju 2 sẹ̀ǹtímítà lọ. Ẹ ra 0.05 tàbí èyí tó kéré sí i. Nylon ìkọ́lé lè ju 50 mítà lọ, ẹ rí i bó ṣe jìn síra.
- W1. Òun ló ga jù fún dídá omi dúró nínú EN 13859-1, ìlànà ilẹ̀ Yúróòpù fún aṣọ abẹ́ òrùlé. Tí wọ́n bá kọ W2 tàbí W3, ẹ dá a padà.
- Ìwúwo. Èyí tó wà ní nǹkan bí 150 gíráàmù fún mítà kan níbùú lóròó tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni mo fẹ́ fún ràfítà ilé àtijọ́, torí wọ́n jìnnà síra, èyí tó fẹ́lẹ́ máa ya lọ́wọ́ kápẹ́ńtà.
- Ooru tó lè gbà. Páànù Èkó lọ́sàn-án lè dé 60 sí 70 digíríì. Èyí tó bá kọ 80 ni kẹ́ ẹ wá.
- Oṣù tó lè lò nínú oòrùn. Ọ̀pọ̀ ń kọ oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin. Oòrùn òyìnbó ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n o! Ní tiyín, ẹ fi páànù bò ó láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Àwọn kan máa fi nọ́ńbà gíráàmù oru omi tó ń gba inú ẹ̀ kọjá lójúmọ́ tan yín: "tèmi 1,500, tiẹ̀ 3,000". Ọ̀nà tí wọ́n fi wọ̀n wọ́n lè má dọ́gba, nítorí náà nọ́ńbà méjèèjì ò ṣeé fi wéra. Sd ni kẹ́ ẹ fi wé Sd.

## Ẹ dán an wò nílé

Ẹ gba ègé kékeré lọ́wọ́ ọlọ́jà, tó bá ń ta ojúlówó kò ní kọ̀.

1. Ẹ bu omi gbígbóná kún ààbọ̀ kọ́ọ̀pù, ẹ fi ègé yẹn bo ẹnu ẹ̀, ẹ fi rọ́bà dè é pinpin.
2. Ẹ dojú gíláàsì tó gbẹ tó sì tutù dé orí ẹ̀. Láìpẹ́, inú gíláàsì á ṣú, omi á máa lẹ̀ mọ́ ọn. Tí kò bá ṣú rárá, kò mí.
3. Ẹ wá mú ègé náà, ẹ tẹ ààrin ẹ̀ wọnú bọ́ọ̀lù, ẹ da omi tútù sí i, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú. Abẹ́ ẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ.

Ẹ ṣe méjèèjì, torí nylon tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ lu náà máa yege nínú ti gíláàsì. Omi tútù ló máa tú u fó.

## Ìṣirò

Ẹ má fi fẹ̀fẹ̀ òrùlé pín fẹ̀fẹ̀ rólù. Rólù tó wọ́pọ̀ fẹ̀ ní mítà 1.5, ó gùn ní mítà 50. Ká ní ìhà òrùlé yín kọ̀ọ̀kan gùn ní mítà 12, ìdagẹ̀rẹ̀ ẹ̀ sì jẹ́ mítà 6, ìhà méjì ni. Lórí ìwé, mítà 144 níbùú lóròó nìyẹn, rólù méjì jẹ́ 150, ẹ lè rò pé ó tó. Kò tó. Ìlà kan gbọ́dọ̀ gun orí ìkejì ní 15 sẹ̀ǹtímítà, mítà 1.35 péré ni ìlà kọ̀ọ̀kan ń bò, ìlà márùn-ún lẹ nílò ní ìhà kan, mítà 60, ìhà méjèèjì 120. Rólù mẹ́ta.

## Títẹ́ ẹ

Láàárín December sí February ni kẹ́ ẹ ṣe é. Ìdajì òrùlé ni kẹ́ ẹ máa ṣí lẹ́ẹ̀kan, kò gbọ́dọ̀ jẹ́ gbogbo ẹ̀, òjò Èkó kì í wo kàlẹ́ńdà.

1. Tẹ́ ẹ bá kun igi lóògùn kòkòrò, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Solignum, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán, kí òórùn ẹ̀ lọ. Òògùn olóròóró tó ṣì tutù lè ba awọ inú membrane jẹ́, omi á wá máa gbà á kọjá.
2. Ẹ rí i pé àdán ti jáde, kẹ́ ẹ sì fi nẹ́ẹ̀tì dí ibi tí wọ́n ń gbà wọlé. Èékánná wọn máa ń há sínú òwú aṣọ yìí, wọ́n á kú síbẹ̀, wọ́n á sì ti fà á ya.
3. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látìsàlẹ̀, létí gọ́tà, ẹ tẹ́ ẹ ní ìbú lọ sókè. Ojú tí wọ́n tẹ̀wé sí ló máa ń wà lókè, àfi tí ìwé ẹ̀ bá sọ nǹkan míì.
4. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ díẹ̀ láàárín ràfítà méjì, bí ìka kan. Ẹ má fà á le.
5. Ẹ kan bátìnì (igi tẹ́ẹ́rẹ́) tó nípọn ní ínṣì kan tẹ̀ lé gígùn ràfítà kọ̀ọ̀kan, sórí membrane. Ẹ má fo eléyìí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni pọ́lìnì, igi tó dá ìbú tí wọ́n ń kan páànù mọ́, máa tó wá, kí páànù tó dé. Tí ẹ bá kan pọ́lìnì mọ́ membrane tààrà, omi òógùn tó ń ṣàn bọ̀ á dúró lẹ́yìn pọ́lìnì, á wọ ojú ìṣó, igi á rà. Bátìnì yẹn náà ni kò ní jẹ́ kí páànù gbígbóná fara kan aṣọ.
6. Létí gọ́tà, ẹ jẹ́ kí omi membrane bọ́ sínú gọ́tà, kì í ṣe sẹ́yìn fascia, pákó tó wà létí òrùlé. Kí membrane fúnra ẹ̀ má yọ sínú oòrùn, ọ̀já fẹ́ẹ̀tì ni kó yọ.
7. Lórí ṣóńṣó òrùlé, ẹ fi àlàfo bíi 5 sẹ̀ǹtímítà sílẹ̀ láàárín ìhà méjèèjì, kí ridge cap (páànù tó ń bo ṣóńṣó òrùlé) tó ní ihò afẹ́fẹ́ wá bò ó.
8. Ìṣó tí wọ́n fi zinc bò dáadáa tàbí stainless ni kẹ́ ẹ lò. Iyọ̀ tó ń ti òkun àti ọ̀sà wá máa ń jẹ ìṣó lásán l'Érékùṣù kíákíá.

Bátìnì ínṣì kan yìí máa gbé òrùlé sókè o. Ní ilé Àgùdà tó ní fascia tí wọ́n gbẹ́, tàbí tí ògiri iwájú ti ga bo etí páànù, ẹ wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó ra igi, torí ojú ilé lè yí padà. Tí kò bá gba ínṣì kan níbì kankan, ẹ fò sí ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ nǹkan míì tẹ́ ẹ lè ṣe.

## Yàrá tó ní AC

Àwọn ìwé tó ń bá membrane wá, òtútù ni wọ́n ní lọ́kàn: ilé gbóná, ìta tutù, omi ń ti inú yàrá lọ sókè. L'Ékòó tí AC ń ṣiṣẹ́, òdìkejì ni. Àjà ló gbóná tó kún fún ọ̀rinrin, sílíìnì ló tutù, nítorí náà orí sílíìnì lomi ń jókòó sí, membrane tó wà lókè lọ́hùn-ún ò lè ṣe nǹkankan sí i.

Ẹ má gba ìmọ̀ràn pé kẹ́ ẹ tẹ́ nylon sábẹ́ sílíìnì pákó látinú yàrá. Lára nylon yẹn ni omi máa pọ̀ sí, pákó tó wà lórí ẹ̀ á sì máa mu ún. Ẹ dí gbogbo àlàfo tí afẹ́fẹ́ AC fi ń sá wọ àjà, yípo iná sílíìnì pàápàá, ẹ má gbé AC sí 16, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àjà ní afẹ́fẹ́.

## Àṣìṣe tí mò ń rí jù

- Wọ́n á fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya. Ooru ọ̀sẹ̀ méjì ti tó láti tú u. Téèpù membrane ló wà fún un.
- Kápẹ́ńtà á máa gba orí ẹ̀ rìn láàárín ràfítà.
- Wọ́n á tẹ́ membrane tuntun sórí fóìlì tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òkè mí, ìsàlẹ̀ ò mí, kí lẹ wá ṣe?
- Wọ́n á kan ìṣó sí ojú àfonífojì òrùlé, níbi tí ìhà méjì ti pàdé, ibẹ̀ gan-an lomi ń gbà jù.
- Wẹ́dà á máa jó irin gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Nǹkan yìí ń gbiná o.

## Tí kò bá ṣeé ṣe

Tẹ́ ẹ ò bá rí ojúlówó rà, tàbí tí ojú ilé ò gba bátìnì, ẹ ṣì ní ọ̀nà.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù fún ilé tí igi ẹ̀ ṣì le: ẹ má tẹ́ nǹkankan. Ẹ fi páànù tuntun rọ́pò èyí tó ti dípẹtà, ẹ ṣí gbogbo ihò etí òrùlé, ẹ fi ridge cap oníhò sí òkè. Ọ̀pọ̀ ilé Erékùṣù ti lo ayé wọn bẹ́ẹ̀ láìní membrane.

Èkejì ni páànù tí wọ́n ti lẹ aṣọ onírun mọ́ abẹ́ ẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Aṣọ yẹn máa ń mu òógùn òru, oòrùn ọ̀sán á sì gbẹ ẹ́. Kò fi ínṣì kankan kún òrùlé. Ṣùgbọ́n òun náà nílò afẹ́fẹ́ lábẹ́, kẹ́ ẹ sì fá irun ẹ̀ kúrò létí páànù kó má máa fa omi òjò wọlé látinú gọ́tà.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá ṣe, ẹ padà wọ àjà lọ́jọ́ kejì òjò ńlá àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tún wọ ọ́ ní ìdájí ọjọ́ tí òjò ò rọ̀. Ẹ fọwọ́ kan orí ràfítà tẹ́ ẹ ti fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí. Tó bá tutù lẹ́ẹ̀mejèèjì, ẹ pe kápẹ́ńtà padà kẹ́ ẹ tó san owó tó kù fún un.